Erékéré kì í ṣe eré mọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ta ló wà nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò kígbe mọ́ rí pé, "Ẹ yéé ṣe erékéré níbẹ̀ yẹn!" Bóyá a ń da omi síra wa lára ni, tàbí a gbé bàtà bàbá àgbà pamọ́. Ariwo lásán ni. Kò ní í pẹ́ tí ìyá fúnra rẹ̀ á fi bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. Eré + kí + eré ló di erékéré. Fáwẹ̀lì inú kí ni a pa jẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Báyìí náà ni ibikíbi àti ọmọkọ́mọ ṣe wáyé. Ṣùgbọ́n ibikíbi kì í sábà jẹ́ èébú, èébú sì ni ọmọkọ́mọ. Ọ̀dọ̀ ọmọkọ́mọ ni erékéré wà: eré tí kò yẹ ni. Bí kò ti yẹ tó ni ọ̀rọ̀ náà kò sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí ọkùnrin bá ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin níbi tí kò fẹ́, àwọn èèyàn á ní ó ń bá a ṣe erékéré. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi bá ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń da omi wí! Àwọn kan á ní ọ̀wọ̀ ni, pé a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbangba. A mọ̀ pé àdàpè wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́". Ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn ni àdàpè yìí ń pa lẹ́nu mọ́; bó bá lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní, "Ṣebí eré ni."

Òfin orílẹ̀-èdè Benin kò pè é ní eré. Òfin ọdún 2006 lórí ìfìtínà nítorí ìbálòpọ̀, àti ti ọdún 2021 tó tẹ̀ lé e, kà á sí ọ̀ràn tó ní ìjìyà.

Ohun méjì la fẹ́. Èkíní, bí a bá lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, ká má kan kọ "bêtise" lédè Faransé síwájú erékéré, ká sì kọjá lọ. Ká kọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ sí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Èkejì, láàárín ara wa ní yunifásítì, ká fi erékéré sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Eré tí ẹnì kan ń fi rẹ́rìn-ín, tí ẹnì kejì ń tìtorí rẹ̀ sunkún, ìfìtínà ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀.