Òrùka dáyámọ́ǹdì kì í ṣe owó ìpamọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò òrùka mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbẹta: òkúta kan ṣoṣo láàárín, ara òrùka funfun, gbogbo wọn ń dán yanran. Ó ní kí n bá òun yàn. Ti àkọ́kọ́, òkúta moissanite lórí fàdákà ni, owó ẹ̀ ò tó owó oṣù ọ̀rẹ́ mi kan. Ìkejì jẹ́ dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀rọ, owó oṣù mẹ́ta. Ìkẹta ni dáyámọ́ǹdì tí wọ́n wà nínú ilẹ̀. Ó ní kí n má tiẹ̀ bèèrè iye ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkẹta yẹn gan-an lọkàn ẹ̀ wà, ó sì ti bá àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ yáwó.

Mo pè é. Mo ní, “Ọ̀gá, kí ló ń lé ẹ?”

Ó ní, “Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Ṣùgbọ́n dáyámọ́ǹdì ni. Bí nǹkan bá le lọ́jọ́ iwájú, a ó kàn tà á ni.”

“A ó kàn tà á ni.” Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn tó ń ta òrùka lórí Instagram ṣe ń polówó ọjà wọn: owó ìpamọ́ ni, ogún ọmọ ni, bí náírà bá wó, òkúta ò ní wó. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó sì ti di irọ́ tó ń ki àwọn tọkọtaya tuntun bọ gbèsè kí wọ́n tó ra ìkòkò ọbẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ilé iṣẹ́ De Beers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa lọ́dún 1888, ló di ọjà dáyámọ́ǹdì ayé mú fún bíi ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún 1947, obìnrin kan tó ń bá àwọn apolówó ọjà wọn ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Frances Gerety, kọ gbólóhùn tí gbogbo ayé wá mọ̀, pé títí ayé ni dáyámọ́ǹdì. Gbólóhùn yẹn dùn létí, àmọ́ iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe. Ohun tó bá jẹ́ ti títí ayé, èèyàn kì í tà á. Bí àwọn tó ti rà á ò bá sì tà á, àlòkù ò ní pọ̀ lọ́jà débi tí yóò fi já owó tuntun wálẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ owó oṣù méjì kún un, pé iye tó yẹ kí ọkùnrin ná lórí òrùka nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Owó oṣù méjì jẹ́ 140,000. Ẹ lọ bèèrè ohun tí ìyẹn lè rà lọ́dọ̀ oní-dáyámọ́ǹdì.

Ṣùgbọ́n ọjà ti yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Dáyámọ́ǹdì inú ẹ̀rọ ti gbòde. Kì í ṣe ayédèrú o. Carbon ni, bíi ti inú ilẹ̀, ó le bíi ti inú ilẹ̀, ojú lásán ò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò pàtàkì ló lè sọ. Lọ́dún 2018, De Beers fúnra ẹ̀ dá Lightbox sílẹ̀ láti máa ta dáyámọ́ǹdì inú ẹ̀rọ ní 800 dọ́là fún kárátì kan. Nígbà tó di 2024, wọ́n já a wá sí 500. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ń ti Lightbox pa pátápátá, nítorí owó ọjà náà ti já kọjá ohun tí èèyàn lè rí èrè lórí ẹ̀. Ti inú ilẹ̀ náà ò yọ sílẹ̀. Láti ọdún 2022 ni owó tiẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀.

Nígbà náà, ẹ lè ní ó yẹ kó ti rọ̀ wá lọ́rùn nílùú yìí. Ẹ gbé fóònù yín kẹ́ ẹ bá mi ṣírò. 800 dọ́là ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní bíi 360 náírà lójú títì, jẹ́ 288,000 náírà. 500 dọ́là ní oṣù karùn-ún 2024, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ bíi 1,450 náírà, jẹ́ 725,000. Òkúta náà já ní dọ́là, ó sì ju ìlọ́po méjì lọ ní náírà. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ nìyẹn. Ẹni tó ra tiẹ̀ ní 2018 á wo iye tí wọ́n ń pè é lónìí, á ní owó òun ti gbèrú. Náírà ló wó. Bó bá jẹ́ dọ́là lásán ló kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ì bá sàn fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó ìpamọ́ ni dáyámọ́ǹdì, ẹ má bi oníṣòwò, ẹ bi ìjọba Botswana. Ọdún 1966 ni wọ́n gba òmìnira. Ní 1967, wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní Orapa. Ìjọba wọn àti De Beers jọ ní Debswana ní ìdajì ìdajì, owó yẹn ni wọ́n fi la títì, tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé, débi pé gbogbo wa nílẹ̀ Áfíríkà la fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìlú tó mọ owó ná. Dáyámọ́ǹdì ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń rí láti òkè òkun wọlé. Nígbà tí owó òkúta já, gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn ará ìlú dìbò yọ ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba láti ọjọ́ òmìnira, ọdún 58 gbáko. Ní oṣù kẹjọ 2025, ààrẹ tuntun, Duma Boko, kéde pàjáwìrì lórí ètò ìlera nítorí oògùn tó tán ní ilé ìwòsàn ìjọba. Dáyámọ́ǹdì nìkan kọ́ ló fà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ń wà á jáde nínú ilẹ̀ ò rí i tà bó ṣe fẹ́, ìwọ tó o ra ẹyọ kan ní Lẹ́kí lo fẹ́ rí i tà?

Mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan lọ ta òrùka rí. Ó mú rìsíìtì dání, ó mú sátífíkéètì dání. Ọkùnrin tó ń ra àlòkù yẹn fi awò wò ó, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó sọ iye gíráàmù wúrà tó wà níbẹ̀, ó sì ṣírò ẹ̀ bí ọjà wúrà ṣe ń lọ lọ́jọ́ náà. Owó ẹ̀ ò burú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá bèèrè ti òkúta, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ máa mú ìyẹn lọ sílé.” Inú bí ẹ̀gbọ́n mi gan-an, àmọ́ ọkùnrin náà ò rẹ́ ẹ jẹ. Òun náà lè rí òkúta tuntun rà ní owó olówó ńlá, tí kò sí owó ìpolówó, owó ṣọ́ọ̀bù àti èrè ẹlòmíì lórí ẹ̀. Kí ló máa fi tiyín ṣe?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tó ṣeé tà lọ́la, wúrà ni kẹ́ ẹ wò, àwọn ìyá wa sì ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2025, òùǹsì wúrà kan kọjá 4,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní iye yẹn, òrùka pẹlẹbẹ kan tó wọn gíráàmù mẹ́ta, tó jẹ́ kárátì 18, wúrà inú ẹ̀ nìkan á sún mọ́ 290 dọ́là. Wúrà náà lè já o, èmi kì í ṣe wòlíì. Àmọ́ kò sí ìgbà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa mú un lọ sílé.

Ohun kan wà níbí tó máa ń dojú rú fún àwọn èèyàn. Kárátì wúrà àti kárátì dáyámọ́ǹdì kì í ṣe nǹkan kan náà. Ti wúrà ń sọ bó ṣe mọ́ tó: 24 ni ògidì, 18 túmọ̀ sí pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wúrà. Ti dáyámọ́ǹdì jẹ́ ìwọ̀n: gíráàmù kan pín sí márùn-ún, ẹyọ kan níbẹ̀ ni kárátì kan. Tí oníṣòwò bá ń fi ọ̀kan dáhùn ìbéèrè ìkejì, ẹ dìde.

Ẹ̀tàn mìíràn ni ẹ̀rọ kékeré bíi bírò tí wọ́n ń fi kan òkúta, tó máa dún “pì-pì”, tí wọ́n á ní ẹ ò rí i, dáyámọ́ǹdì ni. Ooru ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yẹn ń fi mọ̀ ọ́n, moissanite sì máa ń gba ooru kọjá bíi dáyámọ́ǹdì, nítorí náà ó máa dún fún un. Kì í ṣe pé moissanite burú. Ó le gan-an, ó tiẹ̀ ń tàn ju dáyámọ́ǹdì lọ. Ẹ kàn má san owó dáyámọ́ǹdì lé e. Tí wọ́n bá sọ pé òkúta ní ìwé GIA, ẹ tẹ nọ́ńbà ara ìwé náà sórí ìkànnì GIA fúnra yín. Ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àṣà tiwa ò tiẹ̀ bèèrè òkúta kankan. Níbi ìdána, alága ìjókòó á ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù nínú gbogbo ẹrù. Bíbélì tàbí Kùránì ló máa ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì so òrùka mọ́. Kò sí ìyá àgbà tó ń fi awò wo òrùka yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń dá owó orí padà, pé àwọn ò ta ọmọ. Bó bá jẹ́ rìjísírì lẹ fẹ́ lọ, ohun tí òfin bèèrè ni ìwé ìfitónilétí tó máa wà níta fún ọjọ́ 21, ẹlẹ́rìí méjì, kẹ́ ẹ sì ṣe é kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ lè lọ pẹ̀lú ìka òfo, tọkọtaya lẹ máa bá jáde.

Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó mọ̀ pé ẹwà lòun ń rà, kó ra dáyámọ́ǹdì kó gbádùn ẹ̀. Mi ò bá a jà. Ẹni tó fẹ́ yáwó lórí fóònù nítorí ẹ̀ ni mò ń bá wí. Ẹ mọ bí àwọn kan lára àwọn ayánilówó yẹn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù ẹni. Ẹ wo bó ṣe máa rí tí ìyàwó ọ̀ṣìngín bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ ẹ̀, nítorí òrùka tó wà níka òun fúnra ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí padà lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ó ti ba ìyàlẹ́nu tó fẹ́ ṣe jẹ́. Ó fi fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han ọmọbìnrin náà, ó sì sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Ọmọbìnrin náà wo ìkẹta dáadáa, ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé owó ilé wa lo fẹ́ kó sí mi níka yìí?” Ó mú àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí fàdákà, kí wọ́n fi wúrà kárátì 18 ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé òun ò yáwó mọ́.

Họ́ọ̀lù ló kù báyìí. Tọkọtaya ní 200 èèyàn, màmá ọkọ ní ẹgbẹ́ òun nìkan á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n wá bá màmá sọ̀rọ̀. Mo ní mi ò sí nílùú.