Ìrẹsì Òkú, Ìrẹsì Alààyè

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ lọ kàwé tàbí lọ ṣiṣẹ́ ní Japan, ẹ pè é jókòó kó tó wọkọ̀ òfúrufú. Pé kó máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ò le. Ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun ni kẹ́ ẹ là yé e dáadáa.

Kò gbọ́dọ̀ gún un sínú abọ́ ìrẹsì kó fi í sílẹ̀ lóòró. Ìrẹsì òkú ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ fi igi tiẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu igi ẹlòmíì. Tí wọ́n bá sun òkú tán lọ́hùn-ún, àwọn ẹbí ló máa ń fi igi ṣa eegun rẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹni méjì lè jọ gbé eegun kan, tàbí kí wọ́n fi igi gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ṣe é nídìí oúnjẹ ti mú ọ̀fọ̀ wọlé onílé. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀yàyà ìjẹun lásán. Èèwọ̀ ni jàre!

Ọ̀pọ̀ wọn á ní àwọn ò ṣe ẹ̀sìn kankan. Wọlé wọn ná. Nílé àwọn àgbà, wàá bá àpótí onílẹ̀kùn kan, butsudan, tí orúkọ àwọn tó ti lọ wà nínú ẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á gbé ìrẹsì àti omi síwájú ẹ̀, wọ́n á lu agogo kékeré.

Obon ló dùn mọ́ mi jù. Láàárín oṣù kẹjọ (oṣù keje láwọn ibì kan), àwọn baba ńlá ń bọ̀ wálé. Wọ́n á fi igi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin fún kùkúńbà, ó di ẹṣin, kí wọ́n lè tètè dé. Wọ́n á ṣe é fún ikàn, ó di màlúù, kí wọ́n má tètè lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sunkún tí egúngún bá ń padà sígbó, ó yé yín.

Àmọ́ ọmọ ń wọ́n níbẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ sì ti kó lọ sí ìlú ńlá. Ojú oórì ò ní olùtọ́jú mọ́. Ni wọ́n bá ń ṣe hakajimai: àlùfáà á gbàdúrà, wọ́n á kó eegun lọ síbi tí tẹ́ńpìlì á ti máa tọ́jú ẹ̀, wọ́n á hú òkúta, wọ́n á dá ilẹ̀ padà. Wọn ò kàn pa á tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ńlá, kí ìwé yìí tó tún jáde lóṣù mẹ́ta sí i, ẹ kọ̀wé sí wa: ta ló ń bu omi sójúbọ baba wa láràárọ̀?