Igi Kérésìmesì kọ́ ló yẹ iwájú ilé yín n'Íjẹ̀bú

1/ Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́lé lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tó ń fi owó ilé ránṣẹ́ láti London àti Houston, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé náwó lórí igi Kérésìmesì tí ẹ fẹ́ gbìn síwájú ilé.

2/ Mo mọ àwòrán tí ẹ ń wò. Ilé funfun, géètì dúdú, interlock kárí ilẹ̀, igi méjì tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó lókè, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Spruce ni wọ́n ń pè é lórí Pinterest. Ó rẹwà. Mi ò ní purọ́.

3/ Ṣùgbọ́n ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni ilé spruce. Norway, Kánádà, Rọ́ṣíà. Èyí tí àwọ̀ ẹ̀ jọ búlúù, orí òkè Colorado l'Amẹ́ríkà ló ti wá. Òtútù ni wọ́n dá a mọ́. Ó gbọ́dọ̀ sùn fún oṣù mélòó kan nínú òtútù yẹn kó tó lè rú ewé tuntun dáadáa. Tí kò bá rí oorun yẹn sùn, á kàn máa joro ni.

Ìjẹ̀bú-Òde wo ló ti rí yìnyín rí? Ọyẹ́ tó ń mú wa wọ súwẹ́tà, ooru ni lójú spruce.

4/ Èmi náà ti ṣe é rí o. Mo ra hóró ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé e sínú fíríìjì kó lè rò pé ìgbà òtútù ti dé. Fíríìjì wo, pẹ̀lú iná wa yìí? Méje ló hù. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, gbogbo wọn ti kú. Ẹ̀kọ́ mi nìyẹn, owó mi sì nìyẹn.

5/ Èyí tí àwọn tó ń ta fúláwà létí títì wá ń tà fún yín ńkọ́? Spruce kọ́ nìyẹn. Èyí tó ní ẹ̀ka roboto ní ìpele-ìpele, tí ẹ ń pè ní igi Kérésìmesì, Araucaria ni. Erékùṣù Norfolk ló ti wá, lórí òkun láàárín Australia àti New Zealand. Níbẹ̀, ó lè ga tó 50 mítà. Ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn! Ẹ wá gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí fẹ́ńsì, lábẹ́ wáyà NEPA. Ẹ kú ewu o.

6/ Èyí tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé ẹ̀ dà wálẹ̀ bí aṣọ eégún, masquerade tree nìyẹn. Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá. Ó ń hù dáadáa níbí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sábẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí ẹ wò ó. Òjìji ẹ̀ ò bo ajá tán.

7/ Níbo la ti rí àṣà yìí gan-an? Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀. Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, tó jẹ́ ọmọ Jámánì, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 1840 sí 1850. Láti 1947 ni ìlú Oslo sì ti ń fi spruce kan ta London lọ́rẹ lọ́dọọdún, wọ́n á gbé e nàró sí Trafalgar Square. Àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ ti ya fọ́tò lábẹ́ ẹ̀ títí.

8/ Ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe o. Lọ́dọ̀ tiwọn, tí òtútù bá dé, ọ̀pọ̀ igi á wọ́wé tán, á dà bí egungun. Spruce ò ní wọ́wé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀: òun ni ewé tútù tí wọ́n ń rí nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ.

Ó dáa. N'Íjẹ̀bú, nínú oṣù Kejìlá, ewé wo la ń wá tì? Ọgbẹ́ tó ń dun òyìnbó ni wọ́n fi spruce wò. Àwa ò ní ọgbẹ́ yẹn, a sì ń ra oògùn ẹ̀.

9/ Ọgbẹ́ tiwa ni ooru. Iwájú ilé tí interlock ti kún, tí iná ò sí, ní agogo méjì ọ̀sán, nínú oṣù Kejì. Òjìji la nílò.

Agbálùmọ̀ kan wà nílé wa tẹ́lẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń jókòó sí láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti òkè òkun, wọ́n ní igi yẹn ń ba ojú ilé jẹ́. Wọ́n gé e. Wọ́n gbin Araucaria méjì dípò ẹ̀. Báyìí, pálọ̀ ni ìyá àgbà ń jókòó sí, tí wọ́n ń retí kí iná dé kí fáànù lè yí. Wọn ò rí ẹni tó ń kọjá kí mọ́.

10/ Ẹ má sọ pé mo kórìíra igi àjèjì. Ilẹ̀ Éṣíà ni máńgòrò ti wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó àti kaṣú ti wá. Mẹ̀láínà tí wọ́n gbìn lọ rẹpẹtẹ sí J4 nínú igbó Ọmọ, nítorí pákó àti ìwé ni wọ́n ṣe gbìn ín. Wọ́n dé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Igi Kérésìmesì yín ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe yàtọ̀ sí fọ́tò?

11/ Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

"Agbálùmọ̀ ń wọ́wé." Ìgbálẹ̀ wà lọ́jà.
"Ejò ń gbénú igi." Ejò ò mọ igi òyìnbó yàtọ̀ sí ti Yorùbá.
"Àjẹ́ ń pàdé lórí ẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́.
"Gbòǹgbò ẹ̀ á fọ́ ilé." Èyí lọ́gbọ́n nínú. Igi ńlá ni. Tó bá jẹ́ hááfù pulọ́ọ̀tì lẹ ní, ẹ má gbìn ín.

12/ Kí wá lẹ máa gbìn? Tó bá jẹ́ igi tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ fẹ́, AKÒKO. Ó ń nàró ṣánṣán, ewé ẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń yọ òdòdó tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ò ní ra hóró kankan. Ẹ gé ẹ̀ka ẹ̀ tó nípọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á hù. Ewé ẹ̀ la fi ń joyè! Ẹ fẹ́ joyè lọ́la, ẹ ò ní igi oyè nílé.

13/ Tó bá jẹ́ èyí tó dúdú minimini, tí ewé ẹ̀ ki, ORÓGBÓ. Kì í kánjú dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ yín á ká a jẹ, ẹ ó sì rí i lò níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Fún ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì, PẸ̀RẸ́GÚN. Òun ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà ilẹ̀, nítorí pé kì í tètè kú.

14/ Ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ bá sì fẹ̀, AGBÁLÙMỌ̀. Ẹ gbìn ín jìnnà sí ilé dáadáa. Ìparí ọdún ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ fojú inú wò ó: igi tútù, bọ́ọ̀lù pípọ́n rodorodo lórí ẹ̀, ní Kérésìmesì. Ohun tí ẹ ń fi ike ṣe nínú pálọ̀, Ọlọ́run ti gbé e sórí igi fún yín lófẹ̀ẹ́.

15/ Ní 2024, Farooq Oreagba gun ẹṣin lọ sí Òjúde Ọba, gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì sì dúró wò ó. Ṣé kóòtù òtútù ló wọ̀ ni? Aṣọ wa ni, ẹṣin wa ni, ìlú wa ni. Ohun tiwa tí a ṣe dáadáa ni ayé yà wò. Kí ló dé tí a wọ aṣọ Ìjẹ̀bú, tí a wá wọ ọgbà wa ní aṣọ Norway?

16/ Igi tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ní í gúnni lójú. Kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè igi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣì wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Tí wọ́n bá ti gé e, ẹ gbin òmíràn.

Ẹ fi fọ́tò igi tó dàgbà jù nílé yín sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì pè é lórúkọ Yorùbá. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ẹ̀, kó fóònù sílé báyìí. Ìyá àgbà ṣì wà láyé.