Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Yẹ Omi Ọ̀ṣun Wò

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun ló yẹ kó máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ yẹ omi náà wò, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Òṣogbo, mo sì mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa ń sọ: kò sówó ọkọ̀, àwọn òbí ò ní gbà, WAEC ti dé tán. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó há ìbàjẹ́ omi sórí láti inú ìwé, tí kò fojú kan odò tó ń ṣàn nítòsí ilé wọn, kí la ní a kọ́ ọ?

Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ SS2 lọ, ìdérí ike ọ̀dà la kùn ní funfun àti dúdú. A lu ihò sí i láàárín, a so okùn mọ́ ọn, a sì so òkúta sábẹ́ rẹ̀ kó lè rì. Secchi ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orúkọ àlùfáà ará Ítálì tó fi ṣe àyẹ̀wò omi òkun ní 1865. Àwọn ọmọ á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sódò díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti pòórá ni wọ́n á ti wọn okùn, ká lè mọ bí omi ṣe tòrò tó. Ọmọbìnrin tó di okùn mú kò tíì tú u jìnnà tó fi ké pé, "Àǹtí, mi ò rí i mọ́ o!" Ó rò pé òun ò dì í mú dáadáa ni, ó fà á sókè, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibì kan náà ló tún pòórá sí.

Ọmọkùnrin kan ní ká ju álọ́ọ̀mù sí omi odò náà bí ìyá òun ṣe máa ń ṣe sí omi kànga. A bu omi sínú ìgò méjì, a ju álọ́ọ̀mù sínú ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ẹrẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ìgò, omi náà tòrò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mo bi wọ́n pé ta ló lè mu ún. Àwọn kan nawọ́ sókè, ọkàn mi sì bàjẹ́, torí bí àwọn àgbàlagbà wa náà ṣe ń dá omi lẹ́jọ́ nìyẹn. Òjé àti mẹ́kúrì tó bá ti yòrò sínú omi, ojú kì í rí i, ẹnu kì í tọ́ ọ wò kó mọ̀. Mẹ́kúrì yìí ni àwọn kan tó ń wa wúrà máa ń dà sínú yanrìn kó lè gbá wúrà mú, wọ́n á wá fi iná lé e kúrò. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà kò gbà kó ju míligíráàmù 0.001 lọ nínú lítà kan. Òjé ò gbọdọ̀ ju 0.01 lọ. Pépà tó ń yí àwọ̀ padà tí a máa ń tì bọ omi lè sọ bí omi ṣe kan tó, kò lè sọ bóyá òjé tàbí mẹ́kúrì wà níbẹ̀.

Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwọn odò kéékèèké ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má mu omi odò náà. Odò yìí kan náà ni wọ́n sé ní Aṣẹ̀jìrẹ́ fún àwọn ará Ìbàdàn. Ẹni tó bá sì rò pé mò ń dẹ́rù bani, kó rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé láti ibi ìwakùsà wúrà ti pa ọmọdé tó tó 400.

Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ò lè rọ́pò iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Àmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà, òmíràn ní Òṣogbo, òmíràn ní Ẹdẹ bá ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lọ́dọọdún, a ó mọ ìgbà tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í burú àti ibi tó ti burú jù. Kí ìjọba sanwó kí yunifásítì tó wà nítòsí máa bá wa yẹ ìgò omi wa wò fún òjé àti mẹ́kúrì, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ níbi tí gbogbo ìlú á ti rí i.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé omi ń bà yín lẹ́rù. Ọmọ kankan kì í wọ odò lọ́dọ̀ wa, ìbọ̀wọ́ rọ́bà sì máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Tí lẹ́tà bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú.