Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Sáà Tí Òrùlé Manchester United Bẹ̀rẹ̀ sí í Jò

  Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a gbé wá sí ojú ìwé ìdílé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ ogún ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó sórí àga bàbá tí gbogbo ilé sì ń wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí ẹbí kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ irú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń wí. Àwọn olólùfẹ́ wọn pọ̀ láàárín wa. Ẹ ó rí aṣọ pupa wọn lára àwọn tí ń wa zémidjan, ẹ ó sì gbọ́ igbe wọn ní ilé ìwòran nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá bi àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú wọn pé ìgbà wo ni òrùlé ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọn kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sáà 2013 sí 2014 ni wọn yóò wí, ọdún Moyes.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé náà ti rí kí òjò tó dé. Alex Ferguson, ará Scotland, ni olórí rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 1986 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2013. Láàárín ìgbà yẹn ó gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà 13, ó sì gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1999 àti ní 2008. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ó dé ti tó ẹni tí ń bí ọmọ nígbà tí ó ń lọ. Ní sáà tí ó fi dágbére, pọ́íǹtì 89 ni United kó jọ, wọ́n sì fi pọ́íǹtì 11 ju Manchester City aládùúgbò wọn tí ó ṣe ipò kejì lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún náà, ó dúró ní pápá Old Trafford, ó sì sọ fún àwọn èrò pé iṣẹ́ tiwọn ní báyìí ni kí wọ́n dúró ti ẹni tí ń bọ̀.

David Moyes ni ẹni tí ń bọ̀, ará Scotland bíi tirẹ̀, ẹni tí ó ti lo ọdún 11 ní Everton. Ferguson fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí i. Wọ́n fún un ní ìwé àdéhùn ọdún 6. Àwọn olólùfẹ́ ya àwòrán ojú rẹ̀ sí aṣọ gbọọrọ kan, wọ́n kọ ọ́ sí i pé òun ni Àyànfẹ́, wọ́n sì fi kọ́ sí apá pápá tí wọ́n ń pè ní Stretford End. Nínú ọdún 6 yẹn, oṣù 10 péré ni ó lò.

Ìyà náà kò dé lójijì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, West Bromwich Albion wá sí Old Trafford, wọ́n sì jáde pẹ̀lú 2 sí 1. Láti ọdún 1978 wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀. (Stéphane Sessègnon, ọmọ ilẹ̀ Benin wa, wà nínú ẹgbẹ́ West Brom ní sáà náà. Ó dá wa lójú pé ní ọ̀pọ̀ ilé níbí, ẹnu kan náà ni a fi sunkún tí a sì fi rẹ́rìn-ín.) Ní oṣù kejìlá, Everton borí níbẹ̀, èyí tí wọn kò ṣe láti ọdún 1992. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Newcastle náà borí, èyí tí wọn kò ṣe láti ọdún 1972. Swansea yọ wọ́n nínú FA Cup, Sunderland yọ wọ́n nínú ife kejì. Kí a má fi gbogbo rẹ̀ dá yín lágara.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí a kò lè fò dá. Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé nígbà tí Ferguson lọ, àwọn olùkọ́ tí ó bá a ṣiṣẹ́, Mike Phelan, René Meulensteen àti Eric Steele, kò dúró. Àwọn tí Moyes mọ̀ ní Everton ni ó kó wá. Ní ọdún kan náà, David Gill, ọ̀gá àgbà tí ń bójú tó òwò ẹgbẹ́ náà, fi ipò sílẹ̀. Ilé tí bàálé àti ìyáálé bá jáde kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún kan náà, ta ni yóò fi ibi tí a ń kó kọ́kọ́rọ́ sí han àlejò?

Ó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2014. Fulham, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú líìgì, wá sí Old Trafford. Ẹni tí ó sì ń kọ́ Fulham lọ́jọ́ náà ni Meulensteen tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí, ẹni tí ó mọ gbogbo igun ilé nítorí ó ti gbé inú rẹ̀. Fulham ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Láti ìgbà náà lọ, United kò mọ ohun mìíràn í ṣe ju pé kí wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kí wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù sókè sí iwájú ilé Fulham. Àwọn tí ń kà á kà á: ìgbà 81 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ìyá, bí ènìyàn bá ki ṣíbí bọ ìkòkò kan náà nígbà 81 tí kò kan ẹran, ṣé kò ní ṣí ìkòkò mìíràn wò? Àwọn ẹlẹ́yìn Fulham ń fi orí kan bọ́ọ̀lù náà padà, àfi bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Ní ìṣẹ́jú 78 van Persie dá góòlù náà padà, ní ìṣẹ́jú 80 Carrick fi ọ̀kan lé e, ilé sì dún. Àwọn ènìyàn ti ń kí ara wọn kú oríire. Nígbà tí àfikún àkókò ń tán lọ, Darren Bent gbá èkejì wọlé fún Fulham. Ó di 2 sí 2, gbogbo pápá sì dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Fulham lé Meulensteen náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn.

Ní oṣù kẹta, Liverpool wá nà wọ́n 3 sí 0 nílé. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Manchester City tún wá nà wọ́n 3 sí 0; kò tó ìṣẹ́jú kan tí eré bẹ̀rẹ̀ tí àkọ́kọ́ fi wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ Moyes ní irú ipele tí City wà ni àwọn gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti dé. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí ẹni tí ó jókòó sórí àga bàbá kì í sọ lójú ọjà, pàápàá nípa aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn olólùfẹ́ ju góòlù mẹ́ta náà lọ, wọn kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn kan dá owó jọ, wọ́n háyà ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí ó fa aṣọ gbọọrọ kọjá lórí pápá, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kì í ṣe ẹni tí ó yẹ nìyí, kí Moyes máa lọ. Ohun tí ó wú wa lórí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó sí pápá pariwo lé ọkọ̀ náà lórí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún Moyes. United borí Aston Villa 4 sí 1 lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí Ferguson sọ fún wọn kò tíì kúrò létí gbogbo wọn.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ni òpin dé, ní ọjọ́ Àjíǹde Olúwa gan-an. Ní Everton, ilé tí ó ti kúrò, ni wọ́n ti nà án 2 sí 0. Ní ọjọ́ 22, wọ́n lé e. Ryan Giggs, tí ó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù síbẹ̀ ní ọmọ 40 ọdún, ló darí ìdíje mẹ́rin tí ó kù. Ipò keje ni wọ́n parí sí, pẹ̀lú pọ́íǹtì 64. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, wọn kò kópa rárá nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti sáà 1989 sí 1990.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ojú àgbà wò ó. Bí ọmọ kan bá wí nílé pé, "Bàbá, Moyes ló ba ilé jẹ́. Ó gba ààfin, ó sọ ọ́ di ahoro," kí bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, igi òrùlé tí ó bá níbẹ̀ ńkọ́? Ọdún mélòó ni ó ti wà lókè?" Rio Ferdinand pé ọmọ ọdún 35 ní sáà náà. Vidic àti Evra ti lé ní 30. Paul Scholes ti fẹ̀yìn tì kí ó tó dé. Robin van Persie, tí ó gbá góòlù 26 nínú líìgì ní ọdún tí wọ́n gba ife, fara pa léraléra, góòlù 12 ni ó sì rí gbá. Marouane Fellaini nìkan ni agbábọ́ọ̀lù pàtàkì tí wọ́n rà kí ọjà tó pa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ọjọ́ tí ọjà ń pa gan-an ni wọ́n sì rà á, ní mílíọ̀nù 27 ààbọ̀ pọ́ùn. Ẹni tí ó lọ sọ́jà nígbà tí àwọn ìyálọ́jà ti ń ká ẹní, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Góòlù 43 ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbá wọlé United nínú líìgì ní ọdún tí wọ́n gba ife. Ní ọdún Moyes, 43 náà ni, kò lé ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n gbá wọlé àwọn ẹlòmíràn ni ó já wálẹ̀ láti 86 sí 64. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ọdún Moyes. Ó ti wà ní ṣíṣí nígbà Ferguson, ṣùgbọ́n ohun tí ń wọlé nígbà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ka ohun tí ń jáde. Ẹ tún wo èyí: pọ́íǹtì 34 ni wọ́n kó ní ìta, 30 ni wọ́n kó nílé. Ìgbà 7 ni wọ́n nà wọ́n ní Old Trafford nínú líìgì. Ní ìta, ara tù wọ́n. Nílé, ojú àwọn èrò wà lára wọn, ojú Ferguson náà sì wà láàárín àwọn èrò, nítorí ó ń wá wòran.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà sì ti rí irú èyí rí. Matt Busby ni bàbá ńlá tí ó ṣáájú Ferguson. Ó gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù ní 1968, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ọgbà. Wilf McGuinness tí ó gba ipò náà kò lò ju ìparí ọdún 1970 lọ. Ní 1974, ọdún 6 péré lẹ́yìn ife yẹn, United já sí líìgì kejì. Ferguson fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ipò 11 ni ó parí sí ní sáà àkọ́kọ́, ipò 13 ní 1990. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989, àwọn èrò ti gbé aṣọ tiwọn jáde sí òun náà pé kí ó máa lọ. Wọn kò lé e. FA Cup ti 1990 ni ife àkọ́kọ́ tí ó gbà níbẹ̀, líìgì kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́ títí di 1993.

A kò sọ pé bí wọ́n bá fi Moyes sílẹ̀, òun náà ìbá di Ferguson. Ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù sókè nígbà 81 ní láti dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Louis van Gaal dé, ó lọ. José Mourinho dé, ó lọ. Ole Gunnar Solskjær, ọmọ ilé, dé, ó lọ. Erik ten Hag náà dé, ó lọ. FA Cup wọlé ní 2016 àti 2024, Europa League ní 2017. Láti 2013 títí di ìparí sáà 2025, líìgì kò padà wá.

Moyes gba ife ilẹ̀ Yúróòpù tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Conference League, pẹ̀lú West Ham. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Everton tí ó wà létí kòtò tún ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí sáà yẹn parí ní oṣù karùn-ún, ipò 15 ni Manchester United wà, pẹ̀lú pọ́íǹtì 42. Everton wà ní ipò 13, pẹ̀lú 48.