Ẹnu Kòkòrò Ni Kí Á Wò Kí Á Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ìbéèrè kan ni a gbé wá. Kòkòrò kékeré kan wà tí ó máa ń bà sórí ewé àgbàdo, ewé eèsún àti ewé ọparun. Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Bí ó bá rí yín, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi rìn sá sí abẹ́ ewé. Bí ọwọ́ bá súnmọ́ ọn, yóò fò, ojú kò sì ní rí i mọ́. Kí ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ni àwa tí à ń kọ èyí. Ọparun kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni wọ́n ń gé láti fi gbé dẹ́kìn ilé alájà dúró, òun náà ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí iṣu lè rí nǹkan fà lé. Síbẹ̀, tí a bá dé orí ohun tí ń gbé ara ewé rẹ̀, “kòkòrò” lásán ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlàyé díẹ̀ sí i á ní “tata kékeré” ni. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tó, pé àìtó wọn ń pa àgbẹ̀ lára, àti pé iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ni láti bá wọn wá èyí tó tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo “kòkòrò”. Kòkòrò ni tata, kòkòrò ni ohun tó ń jẹ eyín, kòkòrò náà sì ni a ń pe ohun tí ń fa àrùn, tí ojú lásán kò lè rí. Nítorí náà, bí olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn bá fẹ́ ṣàlàyé bí àrùn ṣe ń wọ inú àgbàdo, yóò di dandan kí ó sọ pé kòkòrò ni ó ń gbé kòkòrò wọ ewé. Ta ni yóò yé?

“Tata kékeré” ńkọ́? Fífò ni ẹni tó sọ ọ́ wò. Òyìnbó pàápàá, fífò rẹ̀ lórí ewé ni wọ́n wò tí wọ́n fi pè é ní leafhopper. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu tata ń gé ewé, ó sì ń rún un. Ihò ni yóò fi sílẹ̀ lára ewé gbágùúdá. Ẹnu kòkòrò tiwa yìí dà bí abẹ́rẹ́. Kì í gé ewé rárá. Ó ń gún un, ó sì ń fa oje inú rẹ̀ mu. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kòkòrò, ìdun inú bẹ́ẹ̀dì ni ìbátan rẹ̀, kì í ṣe tata, nítorí ẹnu abẹ́rẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Fífò kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá, gẹ́gẹ́ bí fífò kò ti sọ àdán di ẹyẹ.

Ìyàtọ̀ yìí ní owó nínú. Àgbẹ̀ tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn, tó ní “kòkòrò wà lóko mi”, oògùn tó bá wà nílẹ̀ ni wọn yóò tà fún un. Oògùn kan wà tó jẹ́ pé kòkòrò gbọ́dọ̀ jẹ ewé tí a fọ́n ọn sí kí ó tó kú. Irú rẹ̀ lè pa tata, ṣùgbọ́n ẹni tí ń mu oje nínú ewé kò jẹ ohun tó wà lójú ewé. Owó lọ, májèlé dúró lóko, kòkòrò kò kú.

Ti àgbàdo tilẹ̀ burú jù. Àrùn kan wà tí ń mú kí ilà funfun tàbí ilà pupa rúsúrúsú gùn lórí ewé àgbàdo látòkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá mú àgbàdo ní kékeré, a lè má rí ọmọ gidi já lórí rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, àwọn ẹbí kòkòrò afòlórí-ewé kan tí wọ́n ń pè ní Cicadulina ni ó sì ń gbé e kiri, láti inú koríko bọ́ sínú oko. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni H. H. Storey tú àṣírí yìí ní gúúsù Áfíríkà. Ní 1932, ó tún fi hàn pé nínú irú kan ṣoṣo pàápàá, àwọn kan lè gbé àrùn náà, àwọn mìíràn kò lè gbé e, àti pé àbímọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967 wá irúgbìn àgbàdo tí àrùn yìí kò lè borí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Ọba Baudouin lórí rẹ̀ ní 1986. Kí wọ́n tó lè ṣe é, wọ́n ní láti sin kòkòrò náà fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n sì tú u sórí àgbàdo láti mọ èyí tó lágbára. Ẹni tí kò bá dá kòkòrò náà mọ̀, kí ni yóò sìn?

Dídá a mọ̀ kò sì rọrùn. Ẹbí Cicadellidae tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ní ju 20,000 irú lọ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ wọn jọra lójú débi pé àfi kí a gbé ìdí akọ rẹ̀ sábẹ́ awò amóhun-tóbi kí a tó mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ní Ṣáínà àti gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Mukariini tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní oúnjẹ mìíràn ju ọparun lọ. Nítorí náà, ewé tí a ti bá kòkòrò jẹ́ ara ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Àwọn baba wa náà mọ èyí: kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ má sì gbàgbé pé lójú onímọ̀ ewéko, koríko ni ọparun, ẹbí kan náà ni òun àti àgbàdo, ìrẹsì àti ìrèké. Ẹni tó bá kà á mọ́ igi kò ní ronú láti wo ara rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń ṣe àgbàdo.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé kí a fi èyí sílẹ̀ fún àwọn ará ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn. Àwọn mìíràn yóò ní kí a kàn kọ ọ́ ní “lífhọ́pà”. A kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Ṣùgbọ́n “lífhọ́pà” kò sọ nǹkan kan fún àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wa ní ọ̀nà tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò ni Yorùbá fi ń sọ ọ́ lórúkọ: èyí tí ń yí imí ni yímíyímí, èyí tí ń tan iná ni tanátaná, èyí tí ń lá omi ni lámilámi. Gbogbo wa la ti kọ́ àpètúnpè yìí ní kíláàsì, a sì mọ̀ pé òun náà ló bí panápaná àti jagunjagun. Bí a bá tọ ipa ọ̀nà náà, ẹni tí ń fa oje yóò jẹ́ fojefoje. A ó wá ní fojefoje ọparun, a ó ní fojefoje àgbàdo.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fojefoje lọ sínú ìwé lónìí. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan lóko Ìsẹ̀ tàbí ọdẹ kan ní Emùré ti ní orúkọ tó dára ju tiwa lọ, kí á máa hun tuntun nínú yàrá nígbà tí ògbólógbòó ń kú lọ. Àwọn àgbà wa ṣe gudugudu méje. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fún wa ní ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Pierre Fátúmbí Verger to orúkọ ewé Yorùbá pọ̀ mọ́ orúkọ Látìn wọn nínú ìwé Ewé ní 1995. Ohun tí Verger ṣe fún ewé ni ó yẹ kí á ṣe fún kòkòrò.

Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti nílò wa. Orúkọ tí a kọ láìfi àmì ohùn sí i kò wúlò: ta ni yóò mọ̀ bóyá igbá, igbà, ìgbà tàbí igba ni “igba”? Ẹ̀ka èdè ńkọ́? Ẹni tí kò mọ̀ pé “ulé” ni Èkìtì ń pe ilé lè ka orúkọ kan ṣoṣo sí méjì. Àwa ni a mọ èyí, onímọ̀ kòkòrò kò mọ̀ ọ́n. Òun ló mọ ohun tó wà lábẹ́ awò, àwa kò mọ̀ ọ́n. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti di yunifásítì ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì lè pàdé nínú ọgbà kan ṣoṣo.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ mú ìgò kékeré tí sáńpìrìtì wà nínú rẹ̀ dání. Ẹ gbọn ewé ọparun sórí aṣọ funfun. Ẹ má mú ẹyọ kan, ẹ mú mélòó kan, kí a lè rí akọ nínú wọn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti mú un, ọjọ́ tí ẹ mú un àti ewé tí ẹ bá a lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ gbé ìgò náà han bàbá tàbí ìyá tó wà lóko, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kòkòrò lásán ni, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín ní iṣẹ́ kan náà.

Orúkọ tí kò ní kòkòrò nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo lásán ni. Kòkòrò tí kò ní orúkọ lẹ́nu àgbẹ̀, yóò máa jẹ oko lọ ni.