Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Kí Ẹ Tó Na Ọmọ Nítorí Mọ́dẹ̀mù

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú ìyẹn: kí ọwọ́ ọ̀tún tó gbéra rárá, ó yẹ kí á mọ̀ dájú pé ọmọ náà ni ó ṣẹ̀. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀ nínú ilé ara mi ní Ikosi, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin fi tèmi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Mo ti ọjà Mile 12 dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti tàtàṣé. Bí mo ti wọlé, mo bá ọmọbìnrin mi níwájú kọ̀ǹpútà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó gbọ́dọ̀ parí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì, òru ọjọ́ náà ni wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mọ́dẹ̀mù kò ti gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ mọ mọ́dẹ̀mù: ohun kékeré bí ìka ọwọ́ tí a ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, tí síìmù wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú fóònù. Èmi ni mo fi owó ara mi ra dátà sí i ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

N kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí ojú mi fi bọ́ sí ara ọmọ ẹ̀gbọ́n bàálé mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Ìwọ ni o fi gbogbo dátà wo fíìmù tán!" Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kò fọwọ́ kàn án." Mo pè é ní òpùrọ́ níwájú gbogbo ilé. Mo ní kí ó jáde síta, kí ó má jẹun títí yóò fi jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá, kí n sọ òótọ́ fún yín: bí ó bá jẹ́ ọmọ tí mo bí nínú ara mi ni, bóyá ǹ bá kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ketu tó ráyè wá. Ó kí mi tán, ó ní, "Àlájà, ṣé ẹ ti wo iye dátà tí ó kù?" Mo ní ta ni ń wo ohun tí ó ti tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ síìmù, ó fi í sínú fóònù, ó tẹ *323#. Dátà tí mo ní ó ti tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé síbẹ̀! Ó wá yọ mọ́dẹ̀mù kúrò ní ihò tí ó wà níwájú kọ̀ǹpútà, ó kì í bọ ihò ẹ̀yìn. Kò pẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ihò iwájú ni ó ti dẹ̀. Ọmọbìnrin mi forúkọ sílẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Èmi ni ojú tì. Mo pe ọmọkùnrin náà wọlé, mo bu oúnjẹ fún un, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé, nítorí níwájú gbogbo ilé ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, nínú Súrà Hujuráátì, ẹsẹ̀ kejìlá, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nípa àbá òdì. A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àárín àgbà àti àgbà nìkan ni. Ọmọdé pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, pàápàá ọmọ tí òbí rẹ̀ kò sí nítòsí. Mo mọ ohun tí ń mú inú wa gbóná. Dátà ti wọ́n. Ní oṣù January 2025, NCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù, gba àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Obìnrin tí ó bá ń ti inú èrè ata ra dátà kò lè fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í tún mọ́dẹ̀mù ṣe. Ìwádìí lẹ́sẹẹsẹ ni ó ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n to ìwádìí náà fún yín.

Èkíní, ẹ bi síìmù léèrè kí ẹ tó bi ọmọ. Ẹ yọ ọ́ nínú mọ́dẹ̀mù, ẹ fi í sínú fóònù. Ẹ tẹ *323# kí ẹ lè rí iye dátà tí ó kù. Ẹ tẹ *310# kí ẹ lè rí owó tí ó wà lórí rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni NCC ti mú kí nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ rántí pé dátà a máa ní gbèdéke ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, ó lè lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí síìmù kò bá ṣiṣẹ́ nínú fóònù pẹ̀lú, ẹjọ́ mọ́dẹ̀mù kọ́. Ẹ tẹ *996#, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, èyí tí à ń pè ní NIN. Ìparí ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ ìsopọ̀ yìí, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 28 oṣù February 2024, wọ́n ti ọ̀pọ̀ síìmù tí a kò so pa. Síìmù inú fóònù ni a máa ń rántí; ti inú mọ́dẹ̀mù ni a máa ń gbàgbé.

Èkejì, ẹ yẹ ihò wò. Mọ́dẹ̀mù tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà kò ní bátìrì. Ara kọ̀ǹpútà ni ó ti ń gba iná. Bí ihò bá dẹ̀ tàbí tí eruku kún un, iná tí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní tó, yóò máa wọlé, yóò máa jáde. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ irú èyí tí ń jókòó sórí tábìlì, ihò ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, nítorí ara pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà ni ó wà gan-an, ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fa ti iwájú. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú wúrà ara síìmù. Ẹ má fi omi kàn án.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo iná ara mọ́dẹ̀mù. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, bí iná bá ń ṣẹ́jú, kò tíì wọlé. Bí ó bá dúró láìṣẹ́jú, ó ti wọlé. Bí ó bá ń ṣẹ́jú ṣáá, ẹ wo ibi tí ẹ gbé e sí. Inú afẹ́fẹ́ ni mọ́dẹ̀mù ti ń gba iṣẹ́ tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rán sí i. Ògiri, páànù àti irin ojú fèrèsé a sì máa dí i lọ́nà. Ní Ketu àti Ikosi, níbi tí ilé ti fi ẹ̀yìn ti ilé, igun yàrá kan lè gbà á dáadáa kí igun kejì má gbà á rárá. Ẹ ra wáyà USB kúkúrú, kí ẹ fi fà á dé ojú fèrèsé. Kí wáyà náà má gùn jù, nítorí bí ó bá ti ń gùn ni iná inú rẹ̀ ń dínkù.

Àkókò pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Iṣái, nígbà tí olúkúlùkù ti ti ọjà dé tí ó gbé fóònù rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń dù, bí ọkọ̀ ti ń fún ara wọn mọ́ra ní Mile 12 ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ọ̀nà a máa dá. Bí iṣẹ́ ọmọ yín bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é ní àkókò yẹn.

Ẹ̀kẹrin, bí iná bá dúró ṣùgbọ́n tí ojú ewé kankan kò ṣí, ẹ wo orúkọ ẹnu ọ̀nà tí a kọ sínú ètò mọ́dẹ̀mù náà, èyí tí wọ́n ń pè ní APN. Ti MTN ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com. Bí ẹ bá yọ síìmù ilé iṣẹ́ kan, tí ẹ fi ti òmíràn sí i, tí orúkọ àtijọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹlòmíràn ni ẹ fi ń ṣí ilẹ̀kùn yín. Ibi tí ó bá ti ń béèrè nọ́ńbà tí yóò pè, *99# ni kí ẹ kọ. Lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo ọjọ́ àti aago ní igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó dà bí owó ẹyọ. CR2032 ni wọ́n kọ sí ojú rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Bí ó bá kú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni kọ̀ǹpútà ń gbàgbé ọjọ́, tí ó ń padà sí ọdún àtijọ́. Àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní ààbò yóò sì kọ̀ láti ṣí, nítorí ìwé ẹ̀rí tiwọn kò ní bá ọdún tí kọ̀ǹpútà ń kà mu. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ó parí.

Ẹ̀kẹfà, ó lè jẹ́ òótọ́ pé dátà ti tán. Síbẹ̀, ẹ má tíì wo ojú ọmọ. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń jẹ dátà. Windows a máa fa àtúnṣe tirẹ̀ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìbi ẹnikẹ́ni, àtúnṣe náà a sì máa wúwo. Ìwé ìnáwó sì wà nínú rẹ̀: ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Network & internet, kí ẹ wá Data usage. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan jẹ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹlẹ́rìí tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni ni. Bí ó bá fi hàn pé ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ni ó jẹ ẹ́, ìgbà náà ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì bi gbogbo ẹni tí ó jókòó síbẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Kí Windows má baà jẹ owó yín mọ́, ní ibi ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ẹ tan Metered connection. Yóò dín ohun tí ó ń fà wá fúnra rẹ̀ kù. N kò ní kí ẹ má gba àtúnṣe mọ́ láéláé o, nítorí òun ni ó ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Ọjọ́ tí ẹ bá múra sílẹ̀ dè é ni kí ẹ gbà á.

Èkeje, ó lè má sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú ilé yín, àní nínú gbogbo Kosofe pàápàá. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, okùn ńlá mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìhà Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì fà sẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní Gánà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, iṣẹ́ àwọn báńkì pàápàá sì ní ìdíwọ́. Ọmọ wo ni à bá nà fún ìyẹn? Nítorí náà, ẹ bi aládùúgbò tí ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà léèrè bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí tirẹ̀ pẹ̀lú kò bá ṣiṣẹ́, ẹ pe 300, èyí tí í ṣe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn bí ó ti yẹ, ẹ pe NCC lórí 622.

Mo ti kọ ohun méjèèje yìí sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàálé mi ni ó bá mi lẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí, bí mọ́dẹ̀mù bá gbé ìṣe rẹ̀ dé, òun ni à ń pè, òun ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti orí èkíní dé èkeje, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọmọ tí mo fẹ́ lé síta ni ó di oníṣẹ́ ilé wa.

Dátà tí ó bá tán, owó yóò ra òmíràn. Ọkàn ọmọ tí a bá fi ẹ̀sùn èké fọ́, kò sí ọjà tí a ti ń ra èèpàrọ̀ rẹ̀, ì báà ṣe Mile 12. Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní sùúrù nínú ilé wa, kí Ó jẹ́ kí á máa wádìí kí á tó dájọ́, kí Ó sì bá wa wo àwọn ọmọ wa, èyí tí a bí àti èyí tí a gbà tọ́. Àmín. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.